Ilẹ̀ Tó Sán Nígbà Ọyẹ́

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò, ni pé mò ń gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ká ní n kò gbọ́ nǹkan kan rárá ni, ǹ bá ti gbà pé àlejò ni mí, kí n sì jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n èdè Ifẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ ń sọ níbẹ̀ jọ tiwa. Màá wà nínú ọjà, màá gbọ́ tí ẹnì kan pe omi, tó pe ilé, tó pe ọmọ, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wa ní Ọ̀fà gan-an, orí mi á sì yí síbẹ̀ kíá. Kí n tó rẹ́rìn-ín tán, ìyókù ọ̀rọ̀ náà á ti gba ibòmíràn lọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn rí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ lójú títì, tó sáré bá a, tó wá rí i pé ìyá ẹlòmíràn ni.

Orí òkè ni wọ́n kọ́ ìlú náà sí. Ilé ń wo òrùlé ilé, ọ̀nà ń gòkè, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀, orúnkún mi sì fi odindi oṣù kan bínú sí mi. Alájì, ọmọ ìlú wa tó ti lò ju ogún ọdún lọ níbẹ̀, ló ni ṣọ́ọ̀bù tí mo wá ń bá a tà: táyà, ṣéènì, béríkì, gbogbo páàtì alùpùpù. Kì í ṣe èèyàn búburú. Ọ̀rọ̀ ni kò ní. Láti ìgbà tí a bá ṣílẹ̀kùn títí a ó fi tì í, "Gbé e wá" àti "Dá a padà síbẹ̀" ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, a ní, "Ó dàárọ̀." Èmi tí wọ́n ń pè ní aláròyé nílé wá di ẹni tó ń bá táyà sọ̀rọ̀.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Màámi máa ń pè. Kì í béèrè bóyá mo jẹun, ó mọ̀ pé mo lẹ́nu.

"Ṣé o ti ní èèyàn níbẹ̀?"

"Mo ti ní, Màámi."

"Ta ni?"

"Wọ́n pọ̀."

Irọ́ funfun báláú ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pa irọ́ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo tó fara kàn mí láti àárọ̀ ni ọkùnrin kan tó ru àpò àgbàdo, tó tì mí kúrò lọ́nà.

Igi kíríkẹ́ẹ̀tì kan wà nínú ẹrù mi, tí mo fi aṣọ wé. Ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìlọrin ni mo ti kọ́ eré náà, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa, n kò ní fi ìtìjú bò ó. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, báyìí ló rí: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù pupa kan tó le bí ẹ̀kùrọ́, bọ́ọ̀lù náà á kọ́kọ́ kan ilẹ̀ kó tó ta sókè sí ẹni tó mú igi dání, onígi á sì gbá a dànù kó má baà wó igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí bọ́ọ̀lù ti kan ilẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, o mọ ibi tí yóò ta sí. Bí kò bá tẹ́jú, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Nígbà tí Alájì rí igi náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì. Ó ní, "Kí lèyí? Ṣé aṣọ lo fẹ́ máa fi lù?" Ìyẹn ni àwàdà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́dún náà.

Suréèṣì, ọmọ Íńdíà tó ń ta ìkòkò àti àwo ní òdìkejì títì, ló mọ ohun tó jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo gbé igi náà jáde láti fi epo pa á lára, ó ré kọjá títì, kò kí mi, ó gba igi náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi gbá afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá rántí pé a kò mọ ara wa. Ojú tì í díẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́fà rèé tí òun kò ti fọwọ́ kan irú rẹ̀. Kí oṣù tó parí, a ti di mẹ́sàn-án: Suréèṣì àti àwọn àbúrò rẹ̀, olùkọ́ kan tó wá láti Gánà, àwọn ọmọ Naijíríà bíi tèmi. Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọjà bá dákẹ́, ni a máa ń lọ sí pápá kan lójú ọ̀nà Nangbéto, torí ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti tẹ́ nínú gbogbo òkè wọ̀nyẹn.

Mo ní ó tẹ́, n kò ní ó dán. Ilẹ̀ pupa ni, òkúta wẹẹrẹ kún inú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan á balẹ̀, á sì yọ́ lọ lábẹ́ igi rẹ bí ejò. Èyí tó tẹ̀ lé e, ibi kan náà ló máa bà sí, á sì fò sí ọ lọ́rùn. Ètè Suréèṣì là nínú oṣù kejì. Ìka ọwọ́ olùkọ́ náà wú títí kò fi lè kọ̀wé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó burú jù ni pé ẹ̀rù wá sọ wá di òṣèré burúkú. Onígi kò dúró mọ́, ńṣe ló ń fà sẹ́yìn. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù kò jù ú tagbáratagbára mọ́, torí kò fẹ́ pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. A kì í wo bọ́ọ̀lù mọ́, ilẹ̀ là ń wò.

Ilé Màmá Afi ni mo háyà yàrá sí. Opó ni, ọmọ Ifẹ̀, onísìn Kátólíìkì tí kì í pa Máàsì jẹ. Bẹnáà ọmọ rẹ̀ ń fi alùpùpù gbé èrò, irú èyí tí wọ́n ń pè ní zẹ́mì níbẹ̀. Èèyàn bí ọgbọ̀n ọdún ni, bíi tèmi. "Fẹ̀rẹ́" ló ń pe gbogbo èèyàn, ìyẹn arákùnrin lédè Faransé. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Fẹ̀rẹ́, níbo lẹ máa ń gbé igi yẹn lọ?" Mo mú un lọ. Ó gbé akoto alùpùpù rẹ̀ sórí, ó mú igi, ó sì gbá bọ́ọ̀lù kẹta tí wọ́n jù sí i kọjá ọ̀nà. Kò mọ òfin kankan. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú akoto náà, a sì ń gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà lọ, mo ní èèyàn. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ la jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà níwájú ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Yóò sọ ọ̀rọ̀ kan lédè Ifẹ̀, èmi á sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Ọ̀fà, àwa méjèèjì á sì máa jà lórí ẹni tó bà á jẹ́. Nígbà tí Màámi pè lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, tó béèrè pé ta ni, mo ní, "Bẹnáà." Ó ní, "Ẹ̀n-hẹ́n." Mo mọ̀ nígbà náà pé kò gba "Wọ́n pọ̀" gbọ́ rí.

Iṣẹ́ ìlulẹ̀ ni wọ́n mọ Màmá Afi mọ́ ní àdúgbò. Òun àti àwọn obìnrin bíi márùn-ún ló ń lu ilẹ̀ àgbàlá, ilẹ̀ ilé ìdáná, àti ibi tí wọ́n ń sá àgbàdo sí. Wọn yóò po ilẹ̀ òkìtì ọ̀gán mọ́ amọ̀, wọn yóò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kálukú pẹ̀lú pátákó ìlulẹ̀ lọ́wọ́, wọn yóò sì máa fi orin lù ú. Omi tí wọ́n fi èèpo igi irú sè ni wọ́n ń wọ́n sí i. Lẹ́yìn náà wọn yóò fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kó lè gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ tó bá lù, ẹyin lè yí lórí rẹ̀ láti igun dé igun.

Suréèṣì ló mú ìròyìn wá pé àwọn kan tó ń gbá eré náà ní Lomé fẹ́ wá bá wa gbá a ní ìparí ọdún. Orí mi wú. N kò sùn dáadáa ní ọjọ́ méjì. Ọdún kejì mi nìyẹn, n kò tíì ṣe ohun kan tí mo lè sọ nílé tí kì í ṣe táyà. Mo bá Màmá Afi níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Màmá, a fẹ́ kí ẹ bá wa lu ilẹ̀ ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń bà ní pápá."

"Nígbà wo?"

"Lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn ará Lomé ń bọ̀."

Ó gbójú sókè wo ọ̀run tó ti funfun. "Ọyẹ́ ti dé. A kì í lu ilẹ̀ nínú ọyẹ́. Yóò gbẹ lójijì, yóò sì sán. Ẹ dúró de òjò."

"Òjò? Ó ku oṣù mẹ́ta, Màmá!"

"Ilẹ̀ ni mo mọ̀," ló wí. "N kò mọ Lomé." Ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Àgbà wí, èmi kò gbọ́. Àwa ọkùnrin lu ilẹ̀ náà fúnra wa. A gbẹ́ ilẹ̀ òkìtì ọ̀gán, a pò ó, a fi igi lù ú, a yí agbá epo tí a rọ yanrìn kún inú rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ títí apá fi ro wá. Lọ́jọ́ kejì ó le, ó ń dán, bọ́ọ̀lù ń ta sókè lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe fẹ́. Mo rò pé àgbàlagbà kan kàn ń fi iṣẹ́ rẹ̀ halẹ̀ mọ́ wa ni.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé pápá láàárọ̀ ọjọ́ eré. Ilẹ̀ náà ti sán. Ibi tó sán náà gùn tó ọwọ́ mi, ó sì wà ní ibi tí bọ́ọ̀lù tó dára máa ń bà sí. Etí rẹ̀ kan ti gbé sókè ju èkejì lọ. Mo dúró lé e lórí. Bí mo bá sọ, eré ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ àwọn ará Lomé ti wà lójú ọ̀nà. Mo bu erùpẹ̀ sínú rẹ̀, mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo fi ọwọ́ gbá ojú rẹ̀ mọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó kan Bẹnáà láti mú igi, ó gbé akoto alùpùpù rẹ̀ sórí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àwọn ará Lomé wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín burúkú kọ́, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Onígi méjì ló máa ń wà lẹ́ẹ̀kan náà; èmi tó wà ní ìkangun kejì pẹ̀lú igi tèmi, mo rìn lọ bá a, mo ní, "Bọ́ ọ kúrò, jọ̀ọ́. Wọ́n á rò pé a kò mọ ohun tí à ń ṣe." Ó wò mí, ó bọ́ ọ, ó gbé e fún Suréèṣì.

Bọ́ọ̀lù kejì ni. Mo rí i nígbà tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú, mo sì mọ ibi tó ń lọ. Ó ba etí ibi tó sán náà. Dípò kó wá sí ìbàdí, ó fò sókè tààrà sí ojú òsì rẹ̀. Bẹnáà kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ẹ̀jẹ̀ gba àárín ìka rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tó bi mí ni, "Fẹ̀rẹ́, ṣé mo ti jáde nínú eré?" Mo ní, "Rárá, o kò tíì jáde."

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, láti ibẹ̀ wọ́n ní ká gbé e lọ bá oníṣègùn ojú ní Lomé. Gbogbo èèyàn ń wí pé àmúwá Ọlọ́run ni, pé ilẹ̀ yẹn kò dára látọjọ́ tó ti wà. Èmi náà ń wí bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ń wí i, ọkàn mi ń jó mi.

Ní ọjọ́ kẹrin, Màmá Afi fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí pápá náà. Nígbà tó padà délé, ó pè mí sínú àgbàlá. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Erùpẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tí mo bù.

"Erùpẹ̀ yìí kò bá ilẹ̀ tí ẹ lù gbẹ. Ẹnì kan ló dà á sí i lẹ́yìn náà. Ìwọ ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Dìde. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í gbé èrò. Alùpùpù ọmọ mi wà nílẹ̀, ìwọ ni yóò máa gùn ún. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé níbo ni Bẹnáà wà, sọ ohun tí o ṣe fún wọn. Bó bá sì ti Lomé dé, ìwọ lo máa sọ fún un, kì í ṣe èmi."

Mo sọ fún un lọ́jọ́ tó dé, pẹ̀lú aṣọ funfun lójú òsì rẹ̀. Mo sọ ti erùpẹ̀, mo sọ ti akoto. Ó kàn yí ojú sí ògiri. Ojú náà kò ní ríran mọ́, wọ́n ti sọ fún un.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi gun alùpùpù náà. Alájì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Láti aago mẹ́ta lọ, ìwọ kọ́ lo ni ara rẹ. Máa lọ." Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, màá fi kọ́kọ́rọ́ àti owó iṣẹ́ lé Bẹnáà lọ́wọ́, yóò gbà á, kò ní wò mí. Màá wọ yàrá mi lọ. Mò ń gbọ́ tí òun àti ìyá rẹ̀ ń jẹun lórí bẹ́ǹṣì náà, ògiri kan ló wà láàárín wa. N kò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, bẹ́ẹ̀ ilé èèyàn ni mo wà.

Gbogbo Atakpamé ló mọ alùpùpù yẹn. Ẹni tó bá gùn ún á béèrè, "Bẹnáà dà?" Màá sì sọ ọ́, ní Faransé mi tó kán lẹ́sẹ̀, ní Ifẹ̀, nígbà tó yá ní èdè àwọn Ewé. Obìnrin kan gbé ọwọ́ lé mi léjìká títí a fi dé ilé rẹ̀. Bàbá kan tó ń ti ọjà Elavagnon bọ̀ pẹ̀lú adìẹ méjì gbọ́ ọ dé ìdajì, ó ní kí n dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. N kò bínú sí i. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ kiri ni mo ń mọ ilé gbogbo, ìkòríta gbogbo, orúkọ ọmọ àwọn èèyàn. Wọ́n ń kí mi báyìí. Ẹni tó fọ́ Bẹnáà lójú ni wọ́n ń kí, àlejò kọ́ mọ́. Ìlú tó bá ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ti mọ̀ ọ́. Kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n n kò sọ fún Màámi. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń béèrè, "Bẹnáà ńkọ́?" Mo ń dáhùn pé ó wà.

Nígbà tí òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Màmá Afi kó àwọn obìnrin rẹ̀ lọ sí pápá, wọ́n sì lu ilẹ̀ náà. Èmi ni mo pọn omi. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, Màmá Afi sì ní ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kí òun tó sọ pé ó yá, òun yóò lu onítọ̀hún mọ́ ilẹ̀ náà. Suréèṣì rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, òjò lé mi wálé lọ́sàn-án. Bẹnáà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ìyá rẹ̀ ń dáná. Bí mo ti ń na kọ́kọ́rọ́ sí i ni fóònù mi dún. Màámi ni, bẹ́ẹ̀ kì í pè lọ́jọ́ Àìkú. Fóònù mi kì í sọ̀rọ̀ sétí mọ́, gbangba ló ń sọ̀rọ̀.

"Mo lálàá rẹ ni," ló wí. "Bẹnáà wà nítòsí? Jẹ́ kí n kí i. Láti ọjọ́ yìí, n kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Bẹnáà ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán, Ìyá."

"Ọmọ mi, o ṣeun o. Ọlọ́run á bá mi ṣọ́ ọ. Ìwọ lo jẹ́ kí n máa rí oorun sùn. Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́?"

Bẹnáà ń wo ilẹ̀. Mo gbọ́ tí òjò ń kán láti ara òrùlé.

Mo ní, "Màámi, kò lè ṣiṣẹ́. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Èmi ni mo fà á." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀, níwájú rẹ̀ àti níwájú ìyá rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, mo gbọ́ ohùn Rísì, àbúrò mi, láti ọ̀nà jíjìn. "Màámi! Kí lẹ ń ṣe nílẹ̀? Ẹsẹ̀ yín! Ẹ dìde!" Orí àga ni Màámi ti ń kírun láti ọdún márùn-ún, torí orúnkún rẹ̀ kò ká mọ́.

"Fi mí sílẹ̀," ló wí fún un. Ohùn rẹ̀ wá sínú fóònù. "Bẹnáà, mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ mi ló ba ojú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. N kò ní ojú tí mo lè fi dí i. Mo bẹ̀ ọ́. Bá mi bẹ ìyá rẹ."

Màmá Afi ti fi iná sílẹ̀, ó dìde dúró, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Bẹnáà gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ìyá," ló wí, "ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ dìde."

A gbọ́ ìmí rẹ̀, a gbọ́ tí àga ń họ ilẹ̀, a gbọ́ tí Rísì ń wí pé, "Ẹ rọra, ẹ di ọwọ́ mi mú."

Bẹnáà béèrè, "Ó ti dìde?"

"Ó ti dìde," Rísì wí.

Ó dá fóònù padà fún mi. Ó gbé ojú kan tó kù sókè wò mí, ó sì sún sí ẹ̀gbẹ́ lórí bẹ́ǹṣì náà.

Ó ní, "Ìwọ náà, jókòó."